Búútà Bàbá Mi

Bí Bàbá mi bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọn a fi òrùka lu búútà wọn lẹ́ẹ̀mejì kí n lè bu omi wá. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ nígbà náà, ní 1984 nílé wa ní Ìwó, èmi náà sì ń tọ́ ìbejì lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀."

"Gbọ́ tàwọn ọmọ ná," ni wọ́n máa ń dáhùn.

Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ìró búútà mọ́. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé iṣẹ́ dín kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọ yàrá wọn, mo bá wọn tí wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri amọ̀, tí wọ́n fi ń nujú. Tayamọ́mù ni, àlùwàlá ẹni tí kò rómi. Aláǹtakùn ti takùn sẹ́nu búútà.

"Ṣé àwọn ọmọ ti sùn?" ni wọ́n bi mí.

Àmù omi wa kún dẹ́nu lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn.