Ọjọ́ tí Bọ̀sún Pa Orúkọ Àǹtí Adéjọkẹ́ Rẹ́

Bọ̀sún Dúrójayé ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Àǹtí Adéjọkẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sórí ẹ̀rọ, òun náà ló sì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣí i. Ó yẹ kí Bọ̀sún ti gba ipò olórí àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà tó ṣì wà lórí àga. Báyìí ni Àǹtí ṣe kó lọ sí Kánádà, tí gbogbo àṣẹ ṣì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kí Bọ̀sún pa orúkọ náà rẹ́.

"Ẹni tó ti lọ ti lọ."

Àṣẹ tí Àǹtí fún Bọ̀sún tó láti pa orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ́, ó sì pa á rẹ́. Kò pẹ́ tí dókítà fi ké láti yàrá kejì pé ẹ̀rọ ń sọ pé òun kò láṣẹ. Bọ̀sún gbìyànjú láti fún un láṣẹ tuntun. Ẹ̀rọ kọ̀ fún òun náà. Nígbà náà ló yé e: ó ti gé ìdí igi, gbogbo ẹ̀ka sì ti bá a lọ.

Àsìkò náà ni Taofeek gbé ìyàwó rẹ̀, Ràhmát, dé láti Awóyayà. Ibà ti mú un débi pé kò lè sọ̀rọ̀.

"Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà," ni Taofeek wí. "Díẹ̀ ló kù kó pa á lọ́jọ́ tó bí Tolúwani. Ìṣojú mi lẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà?" ni dókítà béèrè.

"Dókítà, ṣé èmi ni mo kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́!" Ó kọjú sí Bọ̀sún. "Bọ̀dá oníkọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀ dáadáa."

Bọ̀sún tún un tẹ̀. Èsì kan náà ni. Ó pe Àǹtí. Oorun ṣì wà lóhùn obìnrin náà.

"Fọkàn balẹ̀, Bọ̀sún. Jẹ́ kí n wọlé látibí." Ó tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. "Kò dá mi mọ̀ mọ́. Kí lẹ ṣe sí orúkọ mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti pa á rẹ́."

Bọ̀sún pe àwọn tó ta ẹ̀rọ náà; wọ́n ní ó di ọ̀la kí àwọn tó lè tún un ṣe. Dókítà kò lè fi ẹ̀mí ènìyàn dán abẹ́rẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Lẹ́kí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ Ràhmát rí.

Taofeek gbé ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ohun tí ẹ kọ yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Ó wà!" Ó pòṣé, ó sì jáde.

Bọ̀sún jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Lóòótọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sọnù nínú rẹ̀.