Ó Ní Àṣàkẹ́ Ò Dáhùn

Kóòtù funfun kọ́ ló ń sọ èèyàn di dókítà, Bàbá Oyèlọlá. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ẹ mọ Ṣùkúrát àbúrò mi, tó ń di bisikíìtì sínú páálí ní Sángo. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó fi ń sinmi ló fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ọmọdé yẹn ní Joju, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀, ìdérí ìgò ló máa ń tò kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. A mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ohun tó jẹ́ gan-an la fẹ́ mọ̀.

Kò sí ohun ìṣeré kan nínú yàrá yẹn. Ọkùnrin náà wo fáìlì, ó pe "Bàsírátù" lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ò wojú ẹ̀. Ló bá kọ ọ́ pé kì í dáhùn sórúkọ, pé ọ́tísíìmù ni, ó sì ti le.

Mo ní, "Ọ̀gá, oríkì là ń pè é nílé."

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kàwé ni àbí èmi?"

Mo bá pe Àṣàkẹ́. Ọmọ gbójú sókè, ó na ìdérí ìgò kan sí mi. Ọkùnrin náà rí i, kò pa ohun tó kọ rẹ́. Mo bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó lè jẹ́ ọ́tísíìmù lóòótọ́, ẹni tó mọṣẹ́ ló lè sọ. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ júwe ibẹ̀ fún Ṣùkúrát. Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin yẹn mọṣẹ́? Ẹ dá mi lóhùn.