Ọjọ́ tí Màmá Mi Jókòó sí Ẹnu-Ọ̀nà Ilé Ẹjọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ò tíì pé, abúlé kan lẹ́bàá Towé là ń gbé. Àwọn òyìnbó Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọn lọ ni, gbogbo wa sì rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ipá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ iṣẹ́ ipá, ẹ máa dúpẹ́. Àfi bí ìjọba wa tuntun náà ṣe gbé òfin kan jáde, pé gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá la ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó bá kọ̀, àtìmọ́lé ni.

Bàbá mi ò sá fún iṣẹ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n yàn ni wàhálà, torí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Òrìṣà Oko ni, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá bà á jẹ́, àwọn àgbà ilé ò ní bá a jẹun mọ́. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí òun wá lọ́jọ́ kejì, kí òun tilẹ̀ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Wọ́n ní kò sí nínú òfin. Jàǹdámù, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba, mú un lọ sí Sakété, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ní ìgbà tó bá gbà láti gbé ọkọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò máa bọ̀ nílé.

Bàbá ní, "Tí mo bá gbé e, ilé wo ni mo fẹ́ padà sí?"

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń rọ̀, oko wa ò rí ẹni gbìn ín.

Àbúrò màmá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Pobè, ló wá sọ fún wa pé òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ, pé ìyá òfin ni. Ó ní ìyá òfin sọ pé kí kálukú máa sin ohun tó ń sìn, òfin kékeré kan ò sì gbọdọ̀ bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ní àwọn adájọ́ àgbà wà ní ìlú ńlá tó ń wọn òfin wò bóyá ó bá ti ìyá mu.

Inú màmá mi dùn. Ní abúlé wa, bí àṣẹ baálẹ̀ bá ni ènìyàn lára, ńṣe ni ẹni náà á lọ jókòó sí ẹnu-ọ̀nà àwọn àgbà, á dákẹ́. Ìbáà ṣe opó, àwọn àgbà ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu títí wọn ó fi tún àṣẹ náà yẹ̀ wò. Màmá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba. Ó fà mí lọ́wọ́, a rìn dé Sakété, a jókòó sí ẹnu-ọ̀nà ilé ẹjọ́ láàárọ̀.

Àwọn akọ̀wé ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí itan rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kàn wá látàrí, wọ́n jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Màmá ní, "Wọ́n lọ jẹun." Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló padà wá bá wa, ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun tẹ̀ lé òfin, kì í ṣe kí òun wọ̀n ọ́n. Ó ní àwọn adájọ́ àgbà tó ń wọn òfin ò sì lè gbọ́ tiwa, àfi bí àwọn olórí ìjọba bá gbé e wá síwájú wọn.

Màmá bi í pé, "Ta ló ṣe òfin ọ̀hún?"

Ó ní ìjọba ni.

"Ṣé àwọn náà ni yóò wá lọ fẹjọ́ ara wọn sùn?"

Adájọ́ wo ojú ọ̀run. Ó ní ká máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́ tì, tí wọ́n dá bàbá sílẹ̀, àgbàdo àwọn aládùúgbò ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ la jẹ lọ́dún yẹn títí ó fi sú wa. Nígbà tó yá, àwọn ṣọ́jà gbàjọba, òfin náà bá tirẹ̀ lọ, ìyá òfin náà bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ nípa òfin ní Kútọnu sọ fún mi pé nǹkan ti yí padà. Ó ní ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí, ìbáà ṣe àgbẹ̀ abúlé Takon, ló lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ń wọn òfin, wọn ó sì dá a lóhùn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Omi bọ́ lójú mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo rántí.

Títí ó fi darúgbó, bí a bá ti ń gba ọ̀nà tí wọ́n là yẹn kọjá, á dúró, á kọjú sí Sakété níbi tí ilé ẹjọ́ wà. Á ní, "Ṣé mo jàre, àbí mi ò jàre?" Gbogbo wa á sọ fún un pé ó jàre. Á mi orí, á máa lọ.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bi."