Yàrá Mẹ́rin Nínú Ẹ̀rọ Kan

Mo tètè máa ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí Alhaja, ọ̀gá mi, ra kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń táìpù ní Bẹẹrẹ, ẹ̀yin náà á bínú.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, táípúráítà mẹ́ta la ní. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa, tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, ni pé bí bébà rẹ bá ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ipò rẹ nìyẹn. O lè lọ jẹun l'Ọjà'ba, o lè lọ kírun ọ̀sán, o lè gun òkè Mápó lọ kí àna rẹ. Bó o bá padà dé, wàá bá bébà rẹ níbi tó o fi í sí. Iṣẹ́ ò tíì parí o, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ balẹ̀. "Tèmi ń bẹ lẹ́nu ẹ̀rọ," bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà máa ń wí, wọn á sì máa yan lọ.

Àwọn ẹ̀rọ yẹn ló ba ọrùn ọwọ́ mi jẹ́. Bọ́tìnì wọn le, àfi kéèyàn gbá a mọ́lẹ̀ kó tó hàn lórí bébà. Nígbà tó yá, mi ò lè fún aṣọ tí mo bá fọ̀ mọ́, ìyá mi ló ń bá mi ro ọkà. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi àdí ra á, kò gbọ́. Mi ò sọ fún Alhaja. Ta ló fẹ́ gba atáìpù tí ọwọ́ ń ro? Iṣẹ́ yẹn lèmi àti ìyá mi fi ń jẹun, nítorí náà mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbá bọ́tìnì.

Ẹ wá wo ayọ̀ mi nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Bọ́tìnì rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, èèyàn á kàn fi ìka tọ́ ọ ni. Kò pẹ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ fúnra mi.

Wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ojú kan ṣoṣo, oníbàárà sì pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé tirẹ̀ lójú ẹ̀rọ lóòótọ́, àmọ́ ńṣe làwọn fèrèsé náà ń gun orí ara wọn bí aṣọ inú àpótí, èyí tó wà lókè nìkan lèèyàn ń rí. Bí mo bá ṣí iṣẹ́ ẹnì kejì, ẹni àkọ́kọ́ tó wà lórí bẹ́ǹṣì á fò dìde. "Tèmi dà? Wọ́n ti pa tèmi rẹ́!" Bí mo bá wá tirẹ̀ jáde, ẹnì kejì á figbe ta pé wọ́n ti lé òun. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú kọ̀ǹpútà dúró gangan bíi tẹlifíṣọ̀n, gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń kà á. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ l'Ọjà'ba ní kí n bá òun táìpù lẹ́tà sí ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ọkùnrin kan kà á láti ẹ̀yìn, ó ní, "Háà, ìyá, ṣé ọmọ yín ò tíì fẹ́yàwó látọjọ́ yìí ni?" Yéè! Gèlè fò sọ́tùn-ún, bàtà fò sósì. Èmi náà pariwo títí ohùn mi fi há.

Alhaja ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìwé. Kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ìjà rọlẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ta ẹ̀rọ yìí fún mi ní òun á gbà á padà. Bí ariwo yìí ò bá tán tó bá di Jímọ̀, á wá gbé e. A ó padà sídìí táípúráítà wa." Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo sunkún. Mo mọ̀ pé tí a bá padà sídìí irin yẹn, iṣẹ́ mi parí nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú dísìkì pẹlẹbẹ kan wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kó gbogbo èèyàn sí yàrá kan, wọn ò ṣe ní jà?" Ó ti dísìkì náà bọ ẹ̀rọ, ó ṣe é síbí, ó ṣe é sọ́hùn-ún, àpótí kékeré kan bá yọ ní igun ojú ẹ̀rọ, ojúlé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tẹ ojúlé kejì, gbogbo fèrèsé tó wà lójú ẹ̀rọ á lọ, ojú tuntun á yọ, á mọ́ fo. Bí mo bá tẹ ojúlé àkọ́kọ́, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á padà wá bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ gan-an, títí kan ọ̀rọ̀ tí mo táìpù dé ìdajì. Mo fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà sí ọ̀kan, mo fi lẹ́tà ìyá onílẹ̀kẹ̀ sí òmíràn, mo fi káàdì ìkómọ sí ìkẹta. Bí káàdì bá ń jáde lórí bébà, mo ti wà ní ojúlé kejì tí mò ń tún lẹ́tà ṣe. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n oníbàárà ò mọ̀yẹn. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́.

Jímọ̀ pé. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ káfíńtà ní Bẹ́yẹrúnkà tètè dé, òfin ẹgbẹ́ wọn ni mò ń bá a táìpù. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Alhaja wà lórí àga rẹ̀ ní igun, ó ń wò wá. Ni ìyá onílẹ̀kẹ̀ bá wọlé, ó ní kí n bá òun fi ọ̀rọ̀ kan kún lẹ́tà òun. Mo ní bísímílà nínú ọkàn mi, mo tẹ ojúlé tirẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ káfíńtà pòórá.

Bàbá dìde. "Ọmọ yìí, níbo lo gbé iṣẹ́ wa lọ?"

Ìbínú ti dé mi lọ́fun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ẹ má bi mí. Àmọ́ mo rí ojú Alhaja, mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Nínú agbo ilé yín, bí ẹ bá wọ yàrá ìyálé, ṣé yàrá ìyàwó ti wó nìyẹn?"

"Yóò ti ṣe wó?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Yàrá yín rèé." Mo tẹ̀ ẹ́, òfin ẹgbẹ́ yọ padà. Bàbá la ẹnu sílẹ̀. "Yàrá ìyá wa rèé." Mo tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"Dúró!" Bàbá figbe ta. "Dúró níbẹ̀!"

Mo ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n bàbá kọjú sí ògiri, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ gbàmù. "Yàrá obìnrin lo fẹ́ mú mi wọ̀ láìkágò? Irú ìwàkiwà wo nìyẹn? Àgò o!"

Ìyá onílẹ̀kẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìjà, tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Àgò yà, bàbá. Àmọ́ ẹ má tíì yíjú o." Ẹ̀rín gbalẹ̀. Bàbá ní kí gbogbo bẹ́ǹṣì kọjú sí ògiri. Ọkùnrin kan tí kò tètè gbọ́, bàbá fi ọ̀pá tọ́ ọ lórúnkún. Ìyá ka lẹ́tà rẹ̀ ní àkàtúnkà, ẹnikẹ́ni ò yọjú.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kúrò ní yàrá kan sí òmíràn, màá kágò, bẹ́ǹṣì á sì kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá wọlé á béèrè yàrá tí tirẹ̀ wà, á wò ó fìrí, á jáde lọ jẹun. Bàbá káfíńtà tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má fi ẹgbẹ́ àwọn sí yàrá tó kángun sí ti ẹgbẹ́ awakọ̀, ariwo wọn ti pọ̀ jù. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn.

Ṣùgbọ́n Alhaja ò tíì sọ bóyá ẹ̀rọ á dúró tàbí á lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa ti ọmọlanke dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà. Mo dìde fún un.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Alhaja ní. Ó nawọ́ sí àwọn táípúráítà. "Àwọn yẹn ni kó o kó."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Alhaja? Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Bí iná bá lọ, a ó jókòó dè é. Kó wọn. Ọmọ mi ò lè gbá wọn mọ́. Nígbà tó ń lò wọ́n, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé omi mu, ó rò pé mi ò rí òun."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà, mo bú sẹ́kún ayọ̀.