Èso Àjàrà Nínú Àpò Ìrẹsì

Òórùn ògì tó kan díẹ̀, tí èèyàn wá da ṣúgà sí, tó tún wá dà pọ̀ mọ́ òórùn ilẹ̀ tútù. Bí basement ilé tá a gbé ní Wakefield, l'Amẹ́ríkà níbí, ṣe máa ń rùn nìyẹn tí àjàrà bá ń hó nínú ike. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn tó jọ ọ́ níbikíbi, mo máa ń dúró díẹ̀ ni. Ara mi á sì rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ara mi kì í rọ̀ bọ̀rọ̀.

Landlord wa, bàbá arúgbó ará Italy kan, ló ń gbé ìsàlẹ̀. Èmi àti màámi wà lókè. Màámi ń ṣe home attendant, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbínú kúrò níbi iṣẹ́ ni torí supervisor kan pè mí ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká fi èsì tí mo fún un sílẹ̀. Àjàrà kan wà ní backyard tó gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé Aglianico lorúkọ ẹ̀, pé bàbá tó bí òun lọ́mọ ló gé ẹ̀ka ẹ̀ kan lábúlé wọn, tó fi aṣọ tútù wé e, tó kó o sínú àpótí wá sí Amẹ́ríkà. Tí òtútù bá dé, bàbá á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé e bí ọmọ ìkókó. Orúnkún ń dùn wọ́n, èmi ni mo wá ń bá wọn gun àkàbà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, fídíò orí fóònù ni mo fi kọ́ èyí tí wọn ò bá ráyè sọ.

Wàhálà Aglianico ni pé kì í tètè pọ́n. Àwọn aládùúgbò á ti já tiwọn jẹ tán, tiwa á ṣì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, òtútù á wá ká a mọ́bẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọtí tí bàbá ń fi èso ẹ̀ ṣe kò ti yàtọ̀ sí vinegar. Ọmọ wọn ọkùnrin wá lọ́jọ́ Sunday kan, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù sínú koríko. "Papa, ọdún yìí nìkan ló kù. Tó bá tún kan, mo máa hú igi yìí, màá da kọnkéré síbẹ̀ ká lè máa gbé mọ́tò sí i." Bàbá kàn ń fọwọ́ pa ara igi yẹn. Inú bí mi débi pé mo ní láti wọlé lọ.

Nígbà tó di August, èso ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa àwọ̀ dà, òmíràn ti ń pọ́n, òmíràn ṣì tutù minimini. Mo jáde lọ wáṣẹ́. Nígbà tí mo dé, igi ti fúyẹ́. Ìdajì èso ẹ̀ ti lọ! Mo sáré gòkè, mo bá màámi ní kíṣìnnì, wọ́n ń fi okùn di ẹnu àpò ìrẹsì.

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe yìí?"

"Àánú bàbá yẹn ń ṣe mí. Mo ní kí n bá wọn mú un pọ́n. Báwo la ṣe ń ṣe máńgòrò nílé? Kó o dì í sínú àpò, kó o gbàgbé ẹ̀."

"Àjàrà kì í pọ́n mọ́ tí wọ́n bá ti já a!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fóònù ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n, mo lọgun. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ mi. Mo ní wọ́n ti ba ti bàbá jẹ́, pé kọnkéré ló kù báyìí. Màámi jókòó, okùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí, tó fi ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ gun àkàbà nítorí ọtí ẹlòmíràn.

Bàbá gbọ́ ariwo, wọ́n rọra gun àtẹ̀gùn wá. Mo ṣàlàyé. Wọ́n tú àpò, wọ́n bojú wo inú ẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn máa ń sọ ọ́ lọ́dọọdún: tó bá ti ń pa àwọ̀ dà, gé ìdajì sọnù, kí igi lè ráyè bọ́ ìyókù. "Mi ò lè gé e láéláé. Ebi pa wá lábúlé wa. Ṣé oúnjẹ ni mo fẹ́ máa gé dànù?" Wọ́n yíjú sí màámi. "Mama, ẹ ti bá mi gé e. Ẹ ṣé." Wọ́n wá nàka sí mi. "Ìwọ, bẹ màmá ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. "Dìde, oníbínú," màámi ní. "O ti fẹsẹ̀ gbá ata mi dànù."

Èyí tó wà nínú àpò hunjọ, a dà á nù. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lórí igi, àṣé ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Ó dúdú, ó kún. Bàbá á já ọ̀kan, wọ́n á fi eyín fọ́ kóró ẹ̀, wọ́n á mi orí: kò tíì tó. Èmi ni ara mi ò gbà á, ojoojúmọ́ ni mò ń wo bí òtútù ṣe ń bọ̀. Ìparí October ni wọ́n tó fi ọ̀kan sí mi lẹ́nu. Kóró ẹ̀ dún bí ẹ̀pà yíyan. Ọjọ́ yẹn la já gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí ọtí yẹn tó mu, ọmọ wọn wá. Ó mu ún, ó na ife padà pé kí wọ́n bu sí i. Kò dárúkọ kọnkéré. Màámi gbé ife sí imú, wọ́n fimú fà á. "Kò burú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni." Wọn ò mu ún o.

Ilé oúnjẹ kan ní Manhattan ni mo ti ń gbé wáìnì fún èèyàn báyìí, ibi àkàbà yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá ti lọ sinmi. Ká ní igbe mi ló borí ní kíṣìnnì lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá ti pàdánù igi yẹn, bàbá yẹn, àti nǹkan kan láàárín èmi àti màámi tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ pé orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn gòkè wá.

Parkchester la wà báyìí. Tó bá di August, ọmọ bàbá á pè: "Mama, ó ti ń pa àwọ̀ dà." Òun fúnra ẹ̀ á wá fi mọ́tò gbé wa lọ sí Wakefield. Òun náà ò lè gé e, bíi ti bàbá ẹ̀. Màámi ló ń gun àkàbà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, èmi á di àkàbà mú, èso tútù á máa já lé mi lórí, mi kì í sì í lọgun mọ́.