Monísọ́lá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Bá Òun Ra Fọ́ọ̀mù

Tí ẹ bá dé ibi tí a ti ń yan gàrí ní Ìrèlé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń ki ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ yẹn ni Monísọ́lá Ògúndélé. Òun ló ni ẹ̀rọ náà. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn, kò sì bú oníbàárà rí, àfi èmi. Èmi náà máa ń bú u padà.

Nígbà tí ìbò kánsẹ́lọ̀ ń bọ̀, àwa obìnrin la tì í síwájú, kó lè bá wa wá omi àti òrùlé síbi iṣẹ́. Àṣé ńṣe ni wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹ̀rọ mìíràn.

Olóyè Ẹlúyẹmí, ọmọ ìlú wa tó lówó ní Ìbàdàn, gbọ́, ó sì wá bá Monísọ́lá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa.

"Ìyá Fẹ́rànmí, mo máa bá yín ra fọ́ọ̀mù. Pósítà o, mọ́tò o, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Tí ẹ bá wọlé, kí ẹ ṣáà bá mi sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Ilé epo ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

Ilẹ̀ tó jókòó lé yẹn gan-an ló ń sọ.

Monísọ́lá nuwọ́ sára ìró. "Olóyè, ẹ ṣeun. Àmọ́ tí ẹ bá bá mi rà á, èmi gan-an lẹ rà yẹn."

Olóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun á rí ẹlòmíràn rà.

Nígbà tó lọ, mo bi Monísọ́lá bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé nílẹ̀ òkèèrè kan, ìjọba ló ń fún àwọn tó ń du ipò lówó.

"Ìjọba tí kò rówó tún ọ̀nà oko wa ṣe," mo ní, "ló máa wá ra fìlà fún olóṣèlú?"

"Ìyá Níyì, ẹni tó bá gba owó Ẹlúyẹmí, Ẹlúyẹmí ló máa dá lóhùn. Tó bá jẹ́ owó gbogbo wa, gbogbo wa ló máa dá lóhùn."

Mo bu kóńgò gàrí kan sínú àpò, mo ní ti fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Bí a ṣe ń yọ kóńgò gàrí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nìyẹn, tí a ń tà á, títí owó fi pé tí a fi ra fọ́ọ̀mù. Kò wá sówó pósítà. Ọmọ́bọ́lá, tó kàwé jù nínú wa, kọ orúkọ Monísọ́lá sára àwọn àpò gàrí, gàgàrà báyìí. Àwọn oníbàárà gbé àpò lọ sí Ùsì, wọ́n gbé e lọ sí Ìdó. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìdó ní òun á dìbò fún un. A ti polongo dé ibi tí kò sẹ́ni tó lè dìbò ní wọ́ọ̀dù wa.

Ó fìdí rẹmi. Wọlé, tí Olóyè ra fọ́ọ̀mù fún, ló wọlé. Kò pé oṣù méjì, ó kó àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Monísọ́lá jókòó sílẹ̀ níwájú téèpù wọn. Gbogbo wa jókòó tì í.

"Wọlé, ọmọ mi, ibi uṣẹ́ wa rèé. Ta ló ní kí o wá wọ̀n ọ́n?"

Wọlé wojú mọ́tò Olóyè tó dúró létí ọ̀nà kó tó la ẹnu. Gbogbo wa rí i, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n ká téèpù.

Wọn ò tíì padà wá. A tún ti ń yọ kóńgò gàrí sọ́tọ̀ fún ìbò tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àpò wa ò ní kọjá Ìrèlé.