Ẹni Tí Ìyá Àgbà Rán Níṣẹ́

Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń ro ògì lórí sítóòfù, òórùn kẹrosíìnì sì gba yàrá wa kan ṣoṣo ní Rumuigbo. Mo ti wọ yunifọ́ọ̀mù, mo ti fi ọ̀rá wé pẹ́ńsù mi. Ọjọ́ ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá pẹ́ kò ní í wọlé.

Gọ́tà ẹnu ọ̀nà yáàdì wa ni ìṣòro. Bí òjò bá rọ̀, omi á kún un dẹ́nu, á máa sáré, kò sì sí ọmọdé tó lè fò ó. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá iwájú ló ní pákó kan ṣoṣo tí a lè gbà kọjá. Bó bá wà nílé, pákó wà nínú yàrá rẹ̀. Bó bá jáde, á kọjá tán, á fà á, á fi ṣéènì dè é mọ́ òpó iná lódìkejì. Ó ní owó òun lòun fi rà á.

Àwọn ará yáàdì bú u títí ó fi sú wọn. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "I no send anybody." Ní Píjìn ìlú wa, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kò sẹ́ni tí òun kà sí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì pẹ́ tó ti Iléṣà dé, Píjìn rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ọkùnrin náà kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é.

"Kò rán ẹnikẹ́ni," ó máa ń wí fún mi, "ẹnikẹ́ni ò sì rán an. Irú ayé wo nìyẹn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sọ ògì kalẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ lábẹ́ agboòrùn, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá iwájú. Ọkùnrin náà yọjú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"My pikin," ìyá àgbà wí, "carry this girl cross gutter for me."

"Mama, I no send anybody o."

"I know say you no send me. Na me dey send you. Oya, time dey go."

Gbogbo yáàdì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rín. Báàgì mi ló ń nà sí i, bí ìgbà tí ìyá bá ń rán ọmọ tó bí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ó gba báàgì. Ó gbé pákó jáde, ó tẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gun ẹ̀yìn òun. "Hold my neck well," ó ní. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sódìkejì, àwọn ará yáàdì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọlé. Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege.

Nígbà tí mo padà dé, pákó ṣì wà lórí gọ́tà, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá àgbà ti ń rán ọkùnrin náà: ó rán an ní ata, ó rán an ní kẹrosíìnì. Á kùn, á sì lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni ìyá àgbà rán ọkùnrin náà.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo túmọ̀ gbólóhùn ọkùnrin náà fún ìyá àgbà. Ó rò ó wò.

"Ohun yòówù kó túmọ̀ sí," ó ní, "ṣé kò lọ ni?"

Eneka ni mò ń gbé báyìí, níbi tí kálukú ti mọ ògiri rẹ̀ ga ju orí lọ. Mo máa ń rán àwọn aládùúgbò mi níṣẹ́ láìtijú. Mo ti ní kí lọ́yà kan bá mi di àkàbà mú. Ó wò mí bíi wèrè kó tó dì í mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà kan géètì mi, ó ní kí n bá òun mú ọmọ òun wá láti ilé-ìwé. Ó rán mi níṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n jó débẹ̀.